Odò Pupa Láàárín Ìlú Ìyẹ́ àti Ìlú Èèpo

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ará oko. Ẹni tó wà lẹ́yìn, kí ó wá síwájú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹ̀yìn ògiri gbọ́. Ẹni tó ní ẹ̀pà lẹ́nu, kí ó tètè jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, kí ó fún un lọ́mú. Èmi Ọdẹ́yalé ọmọ Ògúntádé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí mo jókòó lé ẹ̀kẹta tí mo fi sun iṣu jẹ. Ẹkùn kan já etí mi òsì jẹ. Ẹ wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo jókòó lé: awọ ẹkùn náà nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, kí ó lọ bá ẹkùn mìíràn, kí ó fi etí tirẹ̀ dán an wò.

Mo ti ròyìn ohun púpọ̀ tí mo pa fún yín, ẹ sì ti bá mi rẹ́rìn-ín. Ti òní kò ní ẹ̀rín nínú. Ohun tí mo pa níbẹ̀ kì í ṣe ẹran.

Ní ọdún tí mo pé ẹni ogójì ọdún, ìlú wa kò tíì sí níbi tó wà yìí. Ìsàlẹ̀ ni a wà nígbà náà, létí odò Ọ̀dàmọ́, odò tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan àwọn obìnrin lọ pọnmi, wọ́n sì fi igbe bọnu. Omi náà pọ́n. A kọ́kọ́ rò pé amọ̀ ni òjò wọ́ wá láti òkè, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ nínú ìkòkò, ó dì. Omi kì í dì, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dì.

Ọba wa, Alágbọ̀n, ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ọdẹ́yalé, omi tí yóò tòrò, láti orísun ni. Tọ odò yìí lọ títí dé ibi tó ti ń sun, kí o wo ohun tó ṣe é. Bí o bá rí i tún ṣe, tún un ṣe. Bí o kò bá rí i tún ṣe, padà wá sọ fún wa, kí a lè mọ ibi tí a ó kó àwọn ọmọ wa gbà."

Mo ní, "Kábíyèsí, kí odò náà ti máa múra. Mo ń bọ̀ wá bá a."

Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà náà nìyẹn. Awẹ́ró ìyàwó mi yan ẹ̀wà sínú àpò mi, ó di iṣu gbígbẹ lé e, mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo sì lọ.

N kò ní fi ọ̀nà jíjìn dá yín lágara. Mo rìn títí igi fi yí àwọ̀ padà, títí àwọn ẹyẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò láìlu apá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti wọ igbó àwọn ìwin. Ìwin kan sì jáde sí mi ní ojú ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ ni Ojúkẹ́yìn. Ó ga bí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n iwájú orí rẹ̀ dán bí ẹ̀yìn igbá, kò sí ojú, kò sí imú níbẹ̀. Ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà. Ibi tó ti ń bọ̀ nìkan ló ń rí. Kò rí ibi tó ń lọ. Nítorí náà, gbogbo igi tó wà níwájú ló ń kọlù, gbogbo ara rẹ̀ sì jẹ́ kìkì egbò. Bó bá ti kọlu igi kan, á sì bú igi náà, á fà á tu, á ní ọ̀tá ìdílé òun ni.

Ó kẹ̀yìn sí mi kí ó lè rí mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ ènìyàn, ta ni baba ńlá rẹ?"

Mo ní, "Ọdẹ́kúnlé ni."

Ó bú ramúramù. Ó ní, "Ọdẹ́kúnlé! Ní ọjọ́ kan, ní àádọ́fà ọdún sẹ́yìn, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ igi ìrókò kan, kò sì bẹ̀ mí. Mo ń rí i níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Wá kú dípò rẹ̀."

Ó fò mọ́ mi, a sì wọ ìjàkadì. Láti ìgbà tí ìrì ṣì wà lára koríko ni a ti ń jà títí oòrùn fi dé àtàrí. Ó gbé mi sọ lu òkúta. Mo gbé e sọ lu àràbà. Ó fi orí kàn mí láyà. Mo fi eyín mú un lápá. Nígbà tó rẹ àwa méjèèjì, ó jókòó, ó ní, "Jẹ́ kí n pa àlọ́ fún ọ. Bí o bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀mí rẹ bọ́. Ẹrù wo ni ènìyàn ń gbé ru ẹlòmíràn, síbẹ̀ tí kì í kúrò ní orí ẹni tó gbé e?"

Mo wo egbò ara rẹ̀, mo wo igi tó fà tu yí wa ká, ìdáhùn sì jáde lẹ́nu mi láìronú. Mo ní, "Ẹ̀san ni."

Ojúkẹ́yìn bú sẹ́kún. Omijé ń ṣàn lọ ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́, mímọ̀ kò sì ràn mí lọ́wọ́." Ó jẹ́ kí n kọjá, ṣùgbọ́n kí ó tó jẹ́ kí n kọjá, ó gé ọmọ-ìka ọwọ́ òsì mi nítorí ẹsẹ̀ tí baba ńlá mi tẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ mi, ìka mẹ́rin ló kù níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ìyẹn ni mo dé orísun odò náà. Àpáta dúdú kan ni, omi sì ń tú jáde láti inú rẹ̀, ó mọ́ gaara. Níbi tó ti ń jáde, funfun ni. Ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ló ti ń pọ́n, nítorí pé òkú ènìyàn ló wà níbẹ̀, wọ́n tò sí bèbè méjèèjì bí igi ìdáná.

Bí ẹ bá dúró létí omi náà, ìlú kan ń bẹ lápá òsì, ìlú kan sì ń bẹ lápá ọ̀tún. Ti òsì ni Ìlú Ìyẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ dàbí wa nínú ohun gbogbo, àfi pé ìyẹ́ ló hù sí wọn ní èjìká àti ẹ̀yìn, bí ti àkùkọ. Ti ọ̀tún ni Ìlú Èèpo. Èèpo igi ló bo ara àwọn wọ̀nyí, ó le, ó sì tutù, bí òjò bá sì rọ̀ sí wọn lára, èéhù tuntun a máa yọ ní orí àwọn ọmọ wọn. Àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ ara wọn sílé rí. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn dé lórí ìlú tí yóò máa kọ́kọ́ pọnmi láàárọ̀. Ẹnìkan gbá ẹnìkan létí, ẹni tí wọ́n gbá létí yọ ọ̀bẹ. Ọdún kẹtàdínlógún ìjà náà ni mo dé ibẹ̀, ọdún tí òkú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí odò fi pọ́n.

Mo bá arúgbó méjì tí wọ́n ń ṣa òkú. Obìnrin kan wà ní bèbè ọ̀tún, èèpo ara rẹ̀ ti fún jọ bí ti igi orógbó. Ẹfúnyẹmí lorúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí, ogun sì ti pa gbogbo wọn. Ọkùnrin kan wà ní bèbè òsì, ìyẹ́ rẹ̀ ti funfun. Lágbàyí ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ gbogbo ọmọ tuntun lórúkọ ní Ìlú Ìyẹ́. Kò sí ẹni tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà. Bí Ẹfúnyẹmí bá rí òkú abìyẹ́, á fà á wá sétí omi, Lágbàyí á sì na ọwọ́ gbà á. Bí Lágbàyí bá rí òkú eléèpo, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kì í pẹ́ púpọ̀ kí àwọn tó ń gba òkú lọ́wọ́ ara wọn tó máa kí ara wọn.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo wá ṣe, Lágbàyí rẹ́rìn-ín kíkorò. Ó ní, "Àlejò, ṣé ẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa ní ìsàlẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ẹfúnyẹmí ní, "Kò sẹ́ni tó fẹ́ ìjà yìí mọ́. Bí o bá wọ ilé mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló ti sú. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá sí òdìkejì omi yìí, àwọn tiwọn á pa mí. Bí mo bá sì padà, àwọn tiwa á pa mí. Ìwọ kì í ṣe tiwa, o kì í ṣe tiwọn. Bá wa gbé ọ̀rọ̀."

Mo sì gbé ọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń gbé orí ẹfọ̀n, mo di ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ arúgbó láti ilé ìgbìmọ̀ kan dé èkejì. Ní ìgbà méje ni mo sọdá omi náà. Wọ́n bú mi, wọ́n tutọ́ sí mi lára, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní àga. Níkẹyìn wọ́n fohùn ṣọ̀kan: ọjọ́ kan ti Ìyẹ́, ọjọ́ kan ti Èèpo níbi omi, ìlú kọ̀ọ̀kan yóò dá egungun òkú ọmọ ẹnìkejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà nínú apẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì tún pànìyàn láti ọjọ́ ìpinnu náà lọ, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara wọn mú un, wọn yóò dá a lẹ́jọ́ lójú ìlú méjèèjì. Wọ́n dá ọjọ́ kẹsàn-án fún ìpàdé létí omi.

Kí ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn méjì tí inú wọn kò dùn.

Ní Ìlú Ìyẹ́, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gbógunníyì. Ó pa ìyẹ́ rẹ̀ láró dúdú, ó sì bó èèpo ara àwọn tó pa, ó fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ọgọ́ta gende ló ń tẹ̀lé e. Ní Ìlú Èèpo, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ẹ̀sanòtán. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn abìyẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú rẹ̀, nígbà tó wà ní ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá pa, ó ń fi ọ̀bẹ kọ ọ́ sára èèpo àyà rẹ̀, àyà rẹ̀ sì ti kún. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìpinnu náà, àwọn ọmọ ogun Gbógunníyì dáná sun abà àgbàdo kan ní etí Ìlú Èèpo. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, obìnrin sì ni mẹ́jọ. Ẹ mọ bí èèpo gbígbẹ ṣe ń jó. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ẹ̀sanòtán ba sẹ́yìn àpáta, ó ta ọfà sí àwọn ọmọ abìyẹ́ tó ń wẹ̀, ó pa márùn-ún. Gbógunníyì gun orí òkìtì ní Ìlú Ìyẹ́, ó ń kígbe pé, "Mo sọ fún yín! Ṣé àwọn tí ẹ fẹ́ bá pín omi nìyẹn?" Ẹ̀sanòtán náà dúró níwájú eérú abà, ó ń sọ pé, "Mo sọ fún yín! Ṣé àwọn tí ẹ fẹ́ dá egungun padà fún nìyẹn?" Bí ẹ bá di ojú yín, ẹ kò ní mọ èwo ni ti èwo.

Inú bí mi, mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ lọ bá Gbógunníyì. Ó ń jẹun. Mo ní, "Kí ni àwọn obìnrin inú abà yẹn ṣe ọ́?"

Ó ní, "N kò mọ̀ wọ́n."

"Kí ló dé tí o fi sun wọ́n?"

Ó nu ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Kí ogun yìí tó dé, ẹyẹ ẹ̀gà ni mo ń dẹ pańpẹ́ fún. Ta ló ń kí mi nígbà yẹn? Àwọn ọmọdé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí, bí mo bá wúkọ́, àgbà ń dìde. O wá ní kí n padà sídìí pańpẹ́."

Mo lọ bá Ẹ̀sanòtán. Òun kò jẹun, ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Mo ní, "Bí Gbógunníyì bá kú lónìí, ṣé ìwọ yóò sinmi?"

Ó ní, "N kò fẹ́ kí ó kú."

Mo ní, "Ọ̀tá rẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Àwọn ènìyàn mi ń gbàgbé, ọdẹ. Bí òjò bá rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n á ti máa sọ̀rọ̀ iṣu. Gbógunníyì ló ń bá mi rán wọn létí àwọn ẹ̀gbọ́n mi." Ó wá gbójú sókè wò mí, mo sì rí i pé ọmọdé tó rí òkú mẹ́rin ṣì wà nínú ojú náà, kò tíì kúrò níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ má bínú sí mi, ó ṣe mí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ àwọn arúgbó yẹn. Ẹfúnyẹmí dúró láàárín àwọn tó ń sunkún ní ìlú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a sunkún, ṣùgbọ́n kí a bi ara wa: ta ni inú rẹ̀ dùn sí iná yìí? Gbogbo ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i ni ọ̀tá wa, ìbáà jẹ́ èèpo ló bo ara rẹ̀." Lágbàyí sin àwọn ọmọ márààrún, ó pe orúkọ tó sọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ fún àwọn ará Ìlú Ìyẹ́ pé, "Èmi ni mo fún wọn lórúkọ yìí. Ó sú mi láti máa pè é lórí sàréè." Ìlú méjèèjì kò yí ọjọ́ padà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ, Gbógunníyì mú Lágbàyí. Wọ́n fa ìyẹ́ funfun rẹ̀ tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni, wọ́n sì tì í láti orí àpáta. Èmi ni mo bá òkú rẹ̀ nínú omi. Ara rẹ̀ dàbí ti ọmọ ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í sunkún. Mo sunkún níjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí Gbógunníyì rò kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Ìlú Ìyẹ́ ta gìrì. Kò sí ilé kan tí Lágbàyí kò sọ ọmọ ibẹ̀ lórúkọ. Àwọn ọgọ́ta gende náà pàápàá, òun ló sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn ìyá wọn jáde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, wọ́n pe ọmọ wọn ní orúkọ, àwọn gende sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ènìyàn Gbógunníyì fúnra wọn ti fi àjàrà dì í lọ́wọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹfúnyẹmí: "A ó mú un wá síbi omi lọ́la. A ó dá a lẹ́jọ́ bí a ṣe sọ. Ẹ mú egungun àwọn ọmọ wa wá."

Ẹfúnyẹmí wò mí nígbà tí iṣẹ́ náà dé. Ó ní, "Ọdẹ́yalé, ọmọ mi, fi ìbọn rẹ sílẹ̀ nílé lọ́la."

Mo ní, "Ìyá, ìbọn ọdẹ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹta."

Ó ní, "Fi ẹsẹ̀ méjì wá."

Mo gbọ́, n kò sì gbà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹsàn-án mọ́, oòrùn sì mọ́ pẹ̀lú. Àwọn abìyẹ́ dúró ní bèbè òsì, àwọn eléèpo dúró ní bèbè ọ̀tún, èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹfúnyẹmí, nítorí ilé rẹ̀ ni mo ti sùn. Apẹ̀rẹ̀ egungun wà níwájú àwọn méjèèjì, wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n so àmì mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìyá lè mọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀sanòtán wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, wọn kò tíì mú un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Ojú rẹ̀ dàbí ti ẹni tó ń wo àwọn olè bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù ilé rẹ̀ jáde, tí kò rí ẹni pè.

Wọ́n mú Gbógunníyì wá. Àgbà Ìlú Ìyẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn: abà tó sun, Lágbàyí tó pa. Mo rí àwọn obìnrin Èèpo tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Ẹnu yà wọ́n. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún, wọn kò gbọ́ kí abìyẹ́ kan ka òkú wọn sí òkú ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan sínú omi láti sọdá.

Gbógunníyì rí i pé ayé òun ti parí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ wá bà lé mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdẹ àlejò! Ṣé o mọ̀ pé ìwọ ni bàbá arúgbó yẹn ń pè? Nígbà tí a fa ìyẹ́ tó kẹ́yìn, ó ń ké bí òròmọdìẹ: 'Ọdẹ́yalé! Ọdẹ́yalé!' Níbo lo wà? Ṣé o ń sun iṣu jẹ ni?"

Mo gbé ìbọn sójú.

Ẹfúnyẹmí kígbe pé, "Ọdẹ! Tiwọn ni! Jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é!"

Mo gbọ́ ọ. N kò ní purọ́ fún yín pé n kò gbọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wọ etí kan tó kù fún mi. Mo sì yin ìbọn. Ẹ mọ̀ pé n kì í tàsé.

Gbógunníyì ṣubú pẹ̀lú ọwọ́ dídì. Lẹ́yìn náà ohùn kan jáde láti bèbè òsì: "Ọ̀dọ̀ Èèpo ni ìbọn ti dún! Wọ́n pa ẹni tí a dì lọ́wọ́!" Àgbà tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú wa fi ọwọ́ bo òkú náà, ó sì ń pè é ní ọmọ òun. Àwọn gende tó ti ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣà á.

Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀sanòtán ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlejò, o kú iṣẹ́." Ó sì ta ọfà àkọ́kọ́.

Èmi Ọdẹ́yalé kò lè ròyìn ìyókù bó ṣe yẹ. Obìnrin tó wà nínú omi kò dé òdìkejì. Wọ́n tẹ apẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, egungun dà síta, ti Ìyẹ́ dàpọ̀ mọ́ ti Èèpo, àmì já, ènìyàn ń yọ̀ ṣubú lórí wọn. Wọ́n jà títí di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n sá padà sílé, omi ti pọ́n dé ẹnu àpáta níbi tó ti ń sun.

Ẹfúnyẹmí kò kú. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ ní bèbè, ó ń ṣa egungun. Ó gbé ọ̀kan, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀, ó gbé òmíràn.

Mo ní, "Ìyá, ẹni burúkú ni mo pa."

Kò wò mí. Ó ní, "Ní àárọ̀ yìí, apànìyàn ni. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ló pè é bẹ́ẹ̀, lẹ́nu ara wọn. Ní báyìí akọni ni. Wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ."

Mo kúnlẹ̀ láti bá a ṣà á. Ó gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ń rùn fún ẹ̀tù ìbọn. Máa lọ sílé, ọmọ mi. O kò burú. Ṣùgbọ́n máa lọ."

Mo padà sílé. Ọba àti gbogbo ìlú péjọ, wọ́n ní kí n ròyìn. Mo ní, "Ogun ló wà lórísun, odò kò ní mọ́. Mo pa ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn." Mo fẹ́ sọ ìyókù, ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, ariwo ayọ̀ ti sọ. Wọ́n gbé mi sọ sókè. Àwọn gende ń kọrin ìbọn mi. Ọba fi aṣọ òfì bò mí, ó sì fi mí jẹ Akọgun, oyè tí ẹ fi ń kí mi títí di òní yìí. Mo dúró kí ariwo náà rọlẹ̀ kí n lè parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ti dùn mọ́ mi, n kò sì parí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

A kó ìlú kúrò létí Ọ̀dàmọ́, a gun òkè wá síbí. Arúgbó méje kú lójú ọ̀nà, ìyá Awẹ́ró wà nínú wọn. Awẹ́ró nìkan ni mo sọ òótọ́ fún. Ó ń fi atẹ fẹ́ ẹ̀wà nígbà tí mo ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ó gbé atẹ kalẹ̀, ó ní, "Obìnrin yẹn ńkọ́? Ta ló ń bá a ṣa egungun báyìí?"

Èmi tí mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹkùn, tí mo ní ọ̀rọ̀ fún ìwin, n kò rí ọ̀kan sọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyẹn, ohun tí ọwọ́ mi ṣe níbẹ̀ sì nìyẹn. Mo ti kó o kalẹ̀ níwájú yín. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù máa lọ sílé rẹ̀, ẹ má sì kí mi ní Akọgun bí ẹ bá ń lọ.